Àrùn, Àlejò àti Ìjọba: Ìtàn Ìtọ́jú Ìlera Ìlú ní Èkó Láti 1861 Dé 1931

Èkó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 jẹ́ erékùṣù kékeré tí ọ̀sà yí ká, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ojú omi lọ, tí irà àti àbàtà sì gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó rí báyìí kò lè ṣe kó má mú ibà wá, ṣùgbọ́n irà nìkan kọ́ ló sọ Èkó di ibùba onírúurú àjàkálẹ̀ àrùn láàárín àádọ́rin ọdún tó tẹ̀lé e. Ìlú náà ti di ibi tí ènìyàn ń rọ́ wọ̀ láti Sàró, láti Bùràsíìlì àti Kúbà, láti ilẹ̀ Haúsá àti láti gbogbo ibi tí ogun ti tú ilé ká nílẹ̀ Yorùbá, ilé, kànga àti ṣáláńgá tó wà níbẹ̀ kò sì tó wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn aláṣẹ ìjọba àmúnisìn kọ, wọ́n di ẹ̀bi àrùn ru àwọn tó ń gbé inú ilé tó há wọ̀nyí, wọ́n ní ìwà ọ̀bùn àti ìgbàgbọ́ asán ló ń pa wọ́n. Ìtàn ìtọ́jú ìlera ìlú, èyíinì ni gbogbo ètò tí wọ́n fi ń dènà àrùn láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó tó di pé ẹnìkọ̀ọ̀kan ń wá oníṣègùn kiri, kò gbe èrò yìí: ibi tí ìjọba bá ti gba ọwọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn ṣiṣẹ́ ni nǹkan ti ń sún síwájú ní Èkó, ibi tó bá sì ti fi ipá wọlé ni àrùn ti ń rí ibi sá pamọ́ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àrùn ṣe rìn ní Èkó ní láti kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lágbègbè ààfin ọba, nínú agboolé tí ògiri ilé kan fara kan ti èkejì. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé láti nǹkan bí 1839. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní 1851, púpọ̀ nínú wọn fi Olówógbowó ṣe ibùgbé. Àwọn Àgùdà wá láti Bùràsíìlì àti Kúbà, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Bahia ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì mú ayé ni gbogbo adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira lára; iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú dání, ọwọ́ wọn ló sì kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ṣẹ́kù ní Pópó Àgùdà. Àwọn Haúsá tí Gómìnà Glover kó jọ di ọmọ ogun àti ọlọ́pàá, ìyàwó àti ọmọ wọn sì bá wọn wá. Nígbà tí Ìfọ́lé, ìyẹn ìkọlù sí ilé àwọn oníhìnrere, ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ẹ má gbàgbé àwọn Ègùn láti ìhà Àgbádárìgì àti Pọ́tónofò, àti àwọn Kurú tó ń ṣiṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi.

Gbogbo wọn kì í sùn sí abẹ́ òrùlé kan, wọn kì í jẹ oúnjẹ kan náà, ẹ̀sìn wọn sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni wọ́n ń mu, ẹ̀fọn kan náà ló sì ń jẹ wọ́n. Ètò ìkànìyàn ọdún 1891 ka ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀ (32,508) sí ìlú náà. Ní 1911 iye yẹn ti di 73,766, ó di 99,690 ní 1921, ó sì di 126,108 ní 1931. Ojú irin tí wọ́n fi dé Ìbàdàn ní 1901 tí wọ́n sì fi gba Jẹ́bà dé Kánò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí iye wọ̀nyí fi lé wá, nítorí iṣẹ́ wà ní èbúté, ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó àti lójú irin fúnra rẹ̀. Ilé kò pọ̀ sí i bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i. Onílé a fi pákó àti páànù so yàrá kún yàrá nínú àgbàlá tirẹ̀, a sì yá wọn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, títí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé yóò fi dí pa.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi náà. Yanrìn ni ilẹ̀ Èkó, omi kò sì jìnnà sílẹ̀, èyí tó mú kí kànga rọrùn láti gbẹ́ nínú agboolé. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló mú kí ìdọ̀tí ṣáláńgá máa rọra jò bọ́ sínú omi tí àwọn ará ilé ń pọn mu. Ìgbẹ́ ọ̀rìn àti aràn inú kò fi ilé olówó sílẹ̀, kò fi ti tálákà sílẹ̀. Àwọn agbépòó ló ń kó garawa ìgbẹ́ lóru, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àjèjì tó wá iṣẹ́ wá, nítorí iṣẹ́ tí ọmọ onílẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kàn ni. Wọn a da ìborùn bojú kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kékeré tó gba inú ìlú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1902, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ojú irin bẹ́ẹ̀ láti kó ìgbẹ́ òru lọ dà sínú ọ̀sà. Ọ̀sà náà sì ni àwọn apẹja ń pa ẹja nínú rẹ̀.

Ibà ló kọ́kọ́ mú kí ìjọba ronú jinlẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé ibà ń pa òyìnbó. Àwọn ọmọ ìlú náà ń kú, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń mú lọ láàárín wọn. Ẹni tó bá la ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, ara rẹ̀ a ti mọ àrùn náà lójú, ibà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa á mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi rò pé aláwọ̀ dúdú kì í ní ibà. Ní 1897, Ronald Ross, oníṣègùn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, ó sì hàn sí gbogbo ayé pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, kì í ṣe afẹ́fẹ́ irà gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà oníṣègùn ṣe ń sọ. Láti inú ìmọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ọ̀nà méjì tí kò jọra ti yọ.

Ọ̀nà kìíní ni ti Sir William MacGregor, tó jẹ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904. Oníṣègùn ni MacGregor fúnra rẹ̀, ó sì ti rí ohun tí àrùn ń ṣe fún àwọn tó ń ṣí kiri kó tó dé Èkó: òun ni olórí oníṣègùn ìjọba ní erékùṣù Fiji nígbà tí ọkọ̀ Leonidas gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1879 pẹ̀lú àkọ́kọ́ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, tí onígbáméjì àti ìgbóná sì wà nínú ọkọ̀, tó fi di dandan pé kí wọ́n dá gbogbo èrò inú rẹ̀ dúró sí erékùṣù mìíràn títí àrùn yóò fi rọlẹ̀. Ní Èkó, MacGregor kò gbà pé kí wọ́n kó òyìnbó lọ sí ibi ọ̀tọ̀. Ó ní bí ẹ̀fọn bá ń gbé ibà kiri, kí wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn fún gbogbo ìlú lápapọ̀. Ó ké sí Ross wá sí Èkó ní 1901. Ó gbẹ́ odò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó gba omi irà Kokomaiko lọ, tó sì la àárín Èkó àti Ìkòyí. Ó ń pín kuníìnì, oògùn ibà tí wọ́n ń fi èèpo igi kan ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń rọ àwọn ènìyàn láti fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ibùsùn.

Ohun tó mú iṣẹ́ MacGregor yàtọ̀ ni pé kò rán ọlọ́pàá láti pín kuníìnì. Àwọn ìyáàfin Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aya àti ọmọ àwọn Sàró olówó àti ọ̀mọ̀wé, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1901, wọ́n ń wọ agboolé láti ilé dé ilé, wọ́n ń fún àwọn ìyá ní oògùn, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa omi, oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe pé ohun gbogbo dọ́gba láàárín àwọn ìyáàfin wọ̀nyí àti àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò, nítorí ìyáàfin tó wọ bàtà àti fìlà òyìnbó a máa rò pé òun mọ̀ ju ìyá ọlọ́mọ tó wà nínú agboolé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìyá ọlọ́mọ sì lè béèrè ohun tí kò yé e láìbẹ̀rù pé wọn yóò kọ orúkọ òun sínú ìwé ẹjọ́.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò ibà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé aláwọ̀ dúdú, ọ̀nà àbáyọ ni kí òyìnbó jìnnà sí wọn. Ní Freetown, wọ́n kọ́ ilé òyìnbó sórí òkè ní 1904. Lẹ́yìn MacGregor, èrò yìí borí ní Nàìjíríà náà: lábẹ́ Gómìnà Lugard, ètò ìlú béèrè pé kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó yáàdì 440, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí, wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti ọmọ ìlú, wọ́n gbà pé ẹ̀fọn kò lè fò kọjá ibẹ̀; wọ́n sì ya Ìkòyí sọ́tọ̀ fún òyìnbó láti 1919. Irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ ìṣègùn pàápàá, nítorí ẹgbẹ́ oníṣègùn ìjọba fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902 kò gba ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe òyìnbó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Èkó ti ní àwọn oníṣègùn bíi John Randle, Obadiah Johnson àti Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá, tí wọ́n kàwé gboyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó tó ń gbé Ìkòyí ṣì ń gbé alásè, alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀fọn kò ka òfin.

Ìgbóná gba ọ̀nà tirẹ̀. Àrùn tí ara ń gbóná tí egbò rẹ̀ sì ń bo gbogbo ara yìí, tí wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an ní ọ̀sán gangan, wà lábẹ́ àkóso òrìṣà Ṣànpọ̀nná, ẹni tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé lọ sí Bùràsíìlì tó di Omolu, tó sì di Babalú Ayé ní Kúbà. Àwọn abọrẹ̀ Ṣànpọ̀nná ló ń tọ́jú ẹni tí ìgbóná bá mú, àwọn náà ló ń sin òkú rẹ̀, ẹrù òkú náà sì ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tí wọ́n bí sí Freetown ní 1861, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà, fura pé nǹkan mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùbọ Ṣànpọ̀nná láti mọ àṣírí wọn. Ó padà wá sọ fún ìjọba pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ojú ìgbóná ran àwọn tí kò ní in. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni òfin tó ka ìbọ Ṣànpọ̀nná léèwọ̀ jáde.

Ìtàn Sàpárà máa ń dùn gbọ́, àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn akọni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n fi ìṣọ́ra sọ ọ́. Fífi èépá ìgbóná sínú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí kò tíì ní in, kí àìsàn náà lè mú un díẹ̀ kó sì má padà wá mọ́, jẹ́ ọgbọ́n ìdènà àrùn tó ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó lè tan àrùn kálẹ̀ ni, ohun tó sì lè gba ẹ̀mí là ni, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Òfin náà kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ìgbóná mú ń fara pamọ́, abọrẹ̀ ń fara pamọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń wá àwọn méjèèjì kiri. Oògùn ìbupá, ìyẹn gígún apá láti dènà ìgbóná, tí wọ́n ń kó láti òkè òkun sì máa ń bàjẹ́ nínú ooru kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ti bu lápá ṣì ní ìgbóná, kí wọ́n sì sọ pé oògùn òyìnbó kò jẹ́. Ohun tí Sàpárà ṣe tó jẹ́ iyì rẹ̀ jùlọ lójú ẹni tó bá wo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilé tó há àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ti Massey Street tó bẹ̀rẹ̀ ní 1926, tó di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé nígbà tó yá.

Nípa omi, ìjọba dá ètò kan tí kò sí ẹni tó lè sọ pé kò dára: kí wọ́n fa omi láti Ìjù, tó wà lódìkejì ọ̀sà, gba inú páìpù wọ Èkó. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ní 1908, Randle àti Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti tako owó omi, àwọn ìjòyè Ìsàlẹ̀ Èkó sì dúró tì wọ́n, nítorí wọ́n ní àwọn ti ní kànga, omi páìpù náà sì jẹ́ ti òyìnbó ju ti ọmọ ìlú lọ. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní 1915, ìwọ́de tako owó rẹ̀ sì gbóná ní 1916, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán láàárín ìjọba, Herbert Macaulay tó jẹ́ olóṣèlú, àti Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí, ọba Èkó, fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn oníṣègùn méjì tí wọ́n mọ ohun tí omi ìdọ̀tí ń ṣe dáadáa ni wọ́n ṣáájú àwọn tó kọ̀ láti sanwó. Wọ́n mọ̀ pé omi mímọ́ dára, ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé ìjọba tí kò bi ará ìlú léèrè kó tó gbé owó lé e lórí yóò tún gbé òmíràn lé e lọ́la.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi Bida gbé àìsàn kan wọ èbúté Èkó láti etíkun Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó ti ń pa ènìyàn káàkiri ayé ní òpin ogun àgbáyé kìíní ni, àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá sì pè é ní lùkúlùkú. Ìjọba rán àwọn òṣìṣẹ́ láti máa wọlé kiri, kí wọ́n máa yọ aláìsàn lọ sí ibi ìyàsọ́tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa fi mọ ibi tí àrùn wà, ìlú ti ń tú. Ẹni tí aláìsàn wà nílé rẹ̀ a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le a wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí ọkọ̀ ọ̀sà lọ sí ìlú rẹ̀, a sì gbé lùkúlùkú dání lọ bá ìyá àti bàbá. Ojú irin tó kó òṣìṣẹ́ wá sí Èkó ló gbé àrùn náà padà sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti òkè ọya. Wọ́n fojú bù ú pé tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní gbogbo Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Lára ohun tí àjàkálẹ̀ náà fi sílẹ̀ ni ìyípadà kan nínú ẹ̀sìn. Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa níbi púpọ̀, oníṣègùn kò tó, oògùn kò sì ṣiṣẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ St Saviour's mélòó kan kó ara wọn jọ lábẹ́ Joseph Ṣàdáre láti máa gbàdúrà ìwòsàn, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, sì kéde pé wọ́n ti fi hàn án pé omi òjò ni kí àwọn aláìsàn máa lò. Láti inú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà ti yọ, tó di Christ Apostolic Church nígbà tó yá. Ó rọrùn fún oníṣègùn láti fi èyí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mu omi òjò ní àkókò yẹn ń mu omi tó mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ kànga lọ, kò sì sí oògùn tí ìjọba lè fún un tí yóò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn lùkúlùkú ni àjàkálẹ̀ tó burú jù fún àwọn tó ń gbé yàrá àyágbé dé. Ní oṣù keje ọdún 1924, àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Alákorò, létí ọ̀sà. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa àrùn yìí. Ara eku ló ń gbé, kòkòrò kékeré tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ló sì ń gbé e bọ́ sára ènìyàn nígbà tí eku bá ti kú. A mú kí abẹ́ apá àti ìtan wú kókó, kí ara gbóná, ikú sì lè dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ti jà ní Accra ní 1908, Kumasi náà sì ń bá a fínra ní ọdún kan náà tó dé Èkó. Alákorò àti Oko Awó, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo, gàárì àti ẹrù ọkọ̀ pamọ́ sínú àwọn ilé pákó tó há, ni eku ti ń bí sí i láìsí ìdíwọ́. Láti ibẹ̀, ọjà àti ọkọ̀ ọ̀sà gbé àrùn náà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kò rọlẹ̀ tán ní Èkó títí di 1931.

Ọwọ́ líle ni ìjọba kọ́kọ́ fi mú un: wọ́n ń fọ́ ilé, wọ́n ń kó ẹrù jáde, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́, wọ́n ń pa eku, àwọn ará ìlú sì ń kó òkú pamọ́ kí wọ́n má bàa lé wọn jáde nílé. Ní 1925, wọ́n gba Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé sí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olórí ìtọ́jú ìlera ìlú Èkó. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Olúwọlé ni, wọ́n bí i ní 1892, ó kàwé ìṣègùn ní Glasgow, ó parí rẹ̀ ní 1918, ó sì padà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ìlú níbẹ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó ti di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú rí ní Èkó. Olúwọlé tún àyẹ̀wò ọkọ̀ ní èbúté ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìlera àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé ní iṣẹ́ wọn.

Láti ìgbà yẹn ni wolé-wolé ti di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Wolé-wolé nínú aṣọ kákí, ìwé lọ́wọ́, a dé ní òwúrọ̀ kùtù. A bẹ̀rẹ̀ sínú àmù omi, a fi igi rú u láti wò bóyá tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tó ń jó nínú omi, wà níbẹ̀. A gbé agolo àti èèpo àgbọn tó lè gba omi òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A wo abẹ́ ibùsùn, a wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, a gbọ́ òórùn ṣáláńgá. Bó bá rí tanwíjí, onílé a gba ìwé ìpè sí kóòtù, owó ìtanràn a sì tẹ̀lé e. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì ń bú u lẹ́yìn, àwọn wolé-wolé kan sì ń gba owó ẹ̀yìn kí wọ́n má kọ orúkọ onílé sílẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ ìlú ni, ìyá ilé lè bá a jiyàn, ó sì lè fi tanwíjí hàn án nínú ìgò kó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Irú ìbánisọ̀rọ̀ báyìí kò sí nígbà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá àti òyìnbó ni ìjọba ń rán wọlé.

Yábàá kan náà ni àwọn onímọ̀ láti àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi ṣe ibùdó ní 1925 láti wádìí ibà pọ́njú, àrùn ẹ̀fọn tó ń sọ ojú di pupa bí ìyeyè. Ní 1927, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin ará Gold Coast kan tí àrùn náà mú tó sì yè é, fi hàn pé kòkòrò rẹ̀ lè mú ọ̀bọ. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Láti inú kòkòrò ara Asibi ni wọ́n ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Orúkọ Asibi wà lórí kòkòrò náà nínú gbogbo ìwé ìmọ̀.

Fún àwọn tó ń gbé Oko Awó, àrùn eku kò parí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti wolé-wolé. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdàgbàsókè ìlú Èkó sílẹ̀, ó sì fún un ní agbára láti ra ilẹ̀ tipátipá, kí ó wó ilé, kí ó la ọ̀nà, kí ó sì gbẹ́ gọ́tà. Oko Awó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Yábàá ni wọ́n sì ń ṣètò fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò. Lójú àwọn oníṣègùn, iṣẹ́ náà tọ́, nítorí eku kò lè gbé níbi tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá wọ̀. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú jẹ́ ti ẹni tó ní ilé tàbí ilẹ̀, ẹni tó yá yàrá kan gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ kò ní ìwé kankan tó lè gbé síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó, àwọn náà ni àrùn pa jù. Púpọ̀ nínú wọn kò lọ sí Yábàá, níbi tí iṣẹ́ àti ọjà jìnnà sí. Wọ́n wá yàrá mìíràn yá láàárín ìlú, nínú àgbàlá tó há bíi ti àkọ́kọ́.

Ìgbìmọ̀ kan náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó ní 1955, tó ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Nínú ìwé tí Peter Marris tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1961, àwọn ìyá onísòwò tí wọ́n kó lọ sọ pé oníbàárà àwọn kù sí Èkó, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè àwọn tán.